Owó Ìjọba Àpapọ̀ àti Ilé-Ìwé Wa
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ sọ ní Ayétòrò

A ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó tí Ìjọba Àpapọ̀ fi ń ran ilé-ìwé lọ́wọ́, àti bí Ìpínlẹ̀ ti ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé Abẹ́òkúta àti Àbújá ni èyí, tí kò kan àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àga kò bá dé ilé-ìwé, ọmọ ta ni ń jókòó sílẹ̀? Ọmọ wa ni. Nítorí náà ni mo ṣe pín ọ̀rọ̀ mi sí ọ̀nà mẹ́ta: èkíní, ibi tí owó náà ti ń wá, èkejì, bí a ti ń ṣọ́ ọ, ẹ̀kẹta, ohun tí ó kù sí ọwọ́ àwa tìkára wa.

I. Ibi tí owó ti ń wá

Ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún ilé-ìwé kì í ṣe ohun titun láàrin wa. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé Àgbádárìgì ní 1842, owó ìjọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ ní 1882, àti òmíràn fún Èkó ní 1887, tí wọ́n ń fi owó díẹ̀ ran ilé-ìwé ìjọ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń rán alábẹ̀wò lọ wò ó. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ní 1976, ọdún kan náà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Ìjọba Àpapọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní 1999 ni a tún bẹ̀rẹ̀ ètò Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ọmọ ní Sókótó, a sì fi òfin gbé e ró ní 2004.

Òfin 2004 yìí ni kí a di mú. Ó pa á láṣẹ pé kí a ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ nínú àpò-ìṣúra Ìjọba Àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ó dá Àjọ kan sílẹ̀ ní Àbújá, èyí tí a ń pè ní UBEC, tí yóò máa pín owó náà. Ó sì ní kí Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Ìgbìmọ̀ tirẹ̀, SUBEB, tí yóò fi í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ wá pẹ̀lú ọwọ́ òfo: bí ó bá fẹ́ gba owó ìkọ́lé yìí, ó ní láti kọ́kọ́ fi iye tirẹ̀ sílẹ̀, kí Ìjọba Àpapọ̀ tó fi iye kan náà kún un. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìtumọ̀ òfin náà nìyẹn. Síbẹ̀, nítorí pé àwọn Ìpínlẹ̀ kan kò mú tiwọn wá, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà ti jókòó ní Àbújá fún ọdún púpọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ń kàwé lábẹ́ igi. Owó tí kò jáde kò ní olè, ṣùgbọ́n kò ní èrè pẹ̀lú.

II. Bí a ti ń ṣọ́ owó náà

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ó ń gbà. Ìgbìmọ̀ Ìpínlẹ̀ yóò kọ ìwé ètò, yóò sọ ilé-ìwé tí a óò kọ́, èyí tí a óò tún ṣe, ibi tí a óò gbẹ́ kànga sí, àti iye àga tí a óò rà. Àjọ Àbújá yóò yẹ ètò náà wò kí ó tó fi ọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni a óò fi iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Bí iṣẹ́ bá ti ń lọ ni a óò máa lọ wò ó, tí a óò sì máa san owó. Àwọn olùtọ́jú ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ náà yóò máa wo olùkọ́ àti ọmọ.

Ẹ rántí ọba Joaṣi nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì. Ó fi owó àtúnṣe tẹ́ḿpìlì sí ọwọ́ àwọn àlùfáà, ṣùgbọ́n títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, ògiri tí ó ya ṣì wà ní yíya. Nígbà náà ni a lu ihò sí orí àpótí, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ; nígbà tí ó bá sì kún, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ni í jọ ka owó náà. Ẹ kíyèsí i: ènìyàn méjì ni, láti ibi méjì, kì í ṣe ẹnì kan. Owó náà sì dé ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọ̀mọ̀lé.

Ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà tí àwọn baba wa rí. Ní ayé àtijọ́, iye ọmọ tí ó bá yege níwájú alábẹ̀wò ni ó ń sọ iye owó tí ìjọba yóò fún ilé-ìwé. Kí ni èyí bí? Ó bí kíkọ́ ọmọ bí ẹyẹ ayékòótọ́: ọmọ yóò há ìwé sórí fún ọjọ́ kan, yóò sì gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ sì ń bẹ̀rù alábẹ̀wò bí ẹni bẹ̀rù agbowó-orí. A rí àṣìṣe náà, a sì yí ọwọ́ padà: òfin 1926 fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn alámòójútó tí yóò máa lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, kì í ṣe láti dájọ́ nìkan, bí kò ṣe láti tọ́ olùkọ́ sọ́nà.

Ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì gbó. Bí alábẹ̀wò òde òní bá wá ka páànù àti fèrèsé, tí ó sì lọ, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ilé tí ó dára tí kò ní olùkọ́, àká tí kò ní àgbàdo ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa tóbi. Láti Ayétòrò dé Ọjà-Ọ̀dàn, títí dé ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, abúlé pọ̀, ọ̀nà kò sì dán ní ìgbà òjò. Alábẹ̀wò tí a kò fún ní ọkọ̀ yóò máa wo ilé-ìwé etí títì lọ́dọọdún, èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ oko kò ní rí ojú rẹ̀. Ọmọ sì wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé Ẹ̀gùn tàbí Ọ̀họ̀rí ni ó ń sọ nílé. Olùkọ́ rẹ̀ ń fẹ́ ìmọ̀ràn ju ìbáwí lọ. Ìṣọ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ ń sọ olùkọ́ di alágàbàgebè. Ìrànlọ́wọ́ láìsí ìṣọ́ ń sọ owó di àwátì.

III. Ohun tí ó kù sí ọwọ́ wa

Ìlú yìí kò ṣe àjèjì sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a dá Comprehensive High School sílẹ̀ níhìn-ín ní 1963, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ọwọ́ nínú rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ràn án lọ́wọ́. Àwọn àlejò náà ti padà sílé. Ilé-ìwé ṣì wà. Ẹni tí ó fún ni lówó kì í bá ni gbé títí. Onílé ni í tọ́jú ilé.

Ètò kan wà tí a ń pè ní ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé, tí òbí, olùkọ́ àti àgbà ìlú jọ ń jókòó nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ orúkọ lórí ìwé. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Kí ni ètò ọdún yìí kọ sílẹ̀ fún ilé-ìwé wa? Irú iṣẹ́ wo ni agbaṣẹ́ṣe gbà, báwo ni sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ tó? Ta ni yóò fọwọ́ sí i pé ó parí? Bí a bá gbé ìwé wá fún yín kí ẹ fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò parí, ẹ gbé bírò sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ìwé orúkọ ọmọ tí ó wà lórí tábìlì yín ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni Abẹ́òkúta ti ń mọ iye àga, Àbújá sì ti ń mọ iye ìwé. Ẹni tí ó kọ ọgọ́ta sílẹ̀ níbi tí ogójì wà, àga ọmọ abúlé mìíràn ni ó jí.

Ẹ̀yin òbí, òfin kan náà tí ó ní kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba fún ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni ó ní kí ẹ rán ọmọ lọ. Ó ní ìbáwí àti ìjìyà fún òbí tí ó bá kọ̀. Àga tí ó dé tí ọmọ wà lóko ní ọjọ́ ìwé, èwo ni èrè rẹ̀?

Ará, ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ojú Àbújá jìnnà, ojú Abẹ́òkúta kò ká gbogbo oko. Ojú wa nìkan ni ó ń kọjá níwájú ilé-ìwé náà lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú tí ń rí àti ẹnu tí ń sọ òtítọ́ láìbẹ̀rù.