Fóònù Ilẹ̀ Ṣáínà Olówó Pọ́ọ́kú: Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè tí ó fi ń yan ohun tí yóò ṣe é láǹfààní, tí ó sì fi ń yẹra fún ohun tí yóò pa á lára. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú ìjókòó yìí. Ó wà nínú àpò, ó wà lọ́wọ́, ẹlòmíràn sì gbé e lé orí itan bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ lọ́wọ́ yìí. Òun ni fóònù ìgbàlódé, pàápàá jù lọ èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe, tí owó rẹ̀ kò kọjá agbára mẹ̀kúnnù.

Nígbà tí fóònù GSM kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń lò ó. Owó síìmù nìkan ju ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kékeré ń gbà lóṣù lọ. Ní ọdún 2006, ọkùnrin ará Ṣáínà kan tí ń jẹ́ Zhu Zhaojiang dá ilé-iṣẹ́ Transsion sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí kò lọ bá àwọn àgbà oníṣòwò jà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó dojú kọ. Ó wo bí àwọn ènìyàn ti ń gbé ayé wọn. Ó rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó dára nínú ọjà lè má dára rárá ní abúlé, àti pé síìmù méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ó ṣe fóònù tí ó ń gba síìmù méjì. Ó rí i pé iná mànàmáná kò dúró. Ó ṣe bátìrì tí ó máa ń pẹ́. Ó rí i pé kámẹ́rà púpọ̀ kì í gbé àwọ̀ ènìyàn dúdú yọ dáadáa. Ó tún ti kámẹ́rà tirẹ̀ ṣe. Báyìí ni Tecno, itel àti Infinix ṣe di orúkọ tí ọmọdé àti àgbà mọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019, ìpín ìdókòwò Transsion ti wọ ọjà ní ìlú Shanghai. Xiaomi, tí Lei Jun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, tẹ̀lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Redmi, èyí tí ó jáde ní ọdún 2013.

Àwọn kan ṣì wà tí ó jẹ́ pé bí ohun kan kò bá ti tọ́jọ́, wọn a ní, “Ṣáínà ni.” Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù Amẹ́ríkà olówó gọbọi pàápàá, ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti ń tò wọ́n pọ̀. Kò sí ìtìjú kankan nínú kí ọ̀dọ́ ra fóònù tí agbára rẹ̀ ká. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í kàwé, aránṣọ ń fi í gba iṣẹ́, ọmọ ń fi í bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni pé iye tí a kọ sára páálí kọ́ ni gbogbo owó tí ẹni tí ó rà á yóò san.

Níbo ni ọ̀pọ̀ ti ń wá? Ó ń wá láti ara ẹ̀yà tí kò lágbára tó ti fóònù olówó ńlá. Ó ń wá láti ara àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ kì í fi ránṣẹ́ pẹ́ lẹ́yìn títà. Ó sì ń wá láti ara ìpolówó. Ní ọdún 2018, Lei Jun kéde ní gbangba pé èrè Xiaomi lórí fóònù àti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Oníṣòwò kì í ṣe oore lásán. Ilé-iṣẹ́ náà tún ń rí owó lórí ìpolówó àti àwọn ápù tí ó ń bá fóònù wá láti ilé. Ẹni tí ó san owó díẹ̀ lọ́jà ni ó ń fi ojú rẹ̀ àti dátà rẹ̀ san ìyókù nílé.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń lọ ra fóònù má ṣe jẹ́ kí dídán ojú rẹ̀ tan òun jẹ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn ohun kan wà tí ó yẹ kí ó wò.

Èkínní ni ìrántí fóònù. Oríṣi méjì ni: RAM, tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àti àyè ìpamọ́ tí àwòrán àti ápù ń gbé. Lára ọ̀pọ̀ páálí lónìí, a ó rí i pé wọ́n kọ RAM 8 gàdàgbà. Bí a bá wò ó dáadáa, 4 ni ojúlówó. 4 kejì jẹ́ èyí tí a yá lára àyè ìpamọ́. Èyí tí a yá kò yára bí ojúlówó. Kí olùrà béèrè iye tí ó jẹ́ ojúlówó, kí ó sì fi ìyẹn díye lé ọjà.

Èkejì ni ibi tí a ṣe fóònù náà fún. Fóònù tí a ṣe fún àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn, tí ẹnìkan kàn gbé wọlé, lè má ní àwọn ápù Google, ó sì lè má gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ yìí mú bí ó ti yẹ.

Ẹ̀kẹta ni ìdánilójú pé fóònù kì í ṣe ayédèrú. Bí a bá tẹ *#06#, nọ́ńbà IMEI tí ó ní díjíìtì 15 yóò jáde. Ó gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà lára páálí mu. Nínú ètò Play Store, ibi kan wà tí ó ń sọ bóyá Google fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tàbí àlòkù, kí wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lójú olùrà, kí ó sì tàn án padà. Bí ó bá ń béèrè àkáǹtì Google ẹlòmíràn, kí olùrà fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Kí ó sì gba rìsíìtì, nítorí ẹni tí a bá fóònù olè lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ títí.

Ẹ̀kẹrin ni àtúnṣe ààbò. Nínú ètò fóònù ni a ti ń rí ọjọ́ tí àtúnṣe ìkẹyìn dé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Kryptowire ní Amẹ́ríkà ṣàwárí pé ètò kan tí ilé-iṣẹ́ Adups ti ìlú Shanghai ṣe wà nínú àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, tí ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn onífóònù ránṣẹ́ sí Ṣáínà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Upstream tún kéde pé àwọn ètò burúkú tí ń jẹ́ Triada àti xHelper wà nínú àwọn fóònù Tecno W2 kan tí a tà ní Etiópíà, Kamẹrúùnù, Íjíbítì, Gánà àti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ń jẹ dátà, tí wọ́n sì ń gbìyànjú láti fi orúkọ onífóònù sílẹ̀ fún ohun tí kò béèrè. Transsion fèsì pé láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí ń bá wọn pèsè ọjà ni ó ti wọlé, àti pé àwọn ti ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí onífóònù kò gbà sórí ẹ̀rọ rẹ̀ dà bí oògùn tí ó wà nínú ìgò tí aláìsàn kò mu. Kí ọ̀dọ́ máa gba àtúnṣe nígbà tí ó bá dé, kí ó má sì gba ápù láti ibi tí kò mọ orísun rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ń dun ni jù ni ọ̀rọ̀ gbèsè. Ká ní ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kan nílò fóònù tí yóò máa fi ya àwòrán aṣọ tí ó bá rán. Èyí tí ó jẹ́ ₦120,000 tó fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a ń tà ní ₦250,000. Wọ́n ní kó mú ₦80,000 wá, kó sì máa san ₦25,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá. Ó rò pé ó rọrùn. Kò ṣírò pé ₦330,000 ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́. Bí ó bá pẹ́ sanwó, ètò tí wọ́n fi sínú fóònù lè tì í pa, iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ rà á a sì dúró. Bí ó bá sì tún sáré lọ yáwó lórí ápù láti fi san ti àkọ́kọ́, ó ti fi gbèsè wẹ gbèsè nìyẹn.

Àwọn kan nínú irú ápù bẹ́ẹ̀ a máa kó nọ́ńbà gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú fóònù ajigbèsè, wọn a sì máa fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí òbí, àna àti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ní ti ẹ̀sìn, àwọn onímímọ̀ ti ya ọjà àwìn, tí a dá iye rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí kò sì yẹ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí a yá tí èlé ń gun orí rẹ̀. Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ ra fóònù láwìn gbọ́dọ̀ ka àdéhùn náà, pàápàá ibi tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa owó ìtanràn nígbà tí ìsanwó bá pẹ́, kí ó sì bi àlùfáà tí ó gbọ́ òfin òwò kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹni tí ó bá fi oṣù mẹ́ta tu owó jọ, tí ó sì ra èyí tí agbára rẹ̀ ká, ni oorun rẹ̀ yóò dùn.

Lẹ́yìn rírà, ìtọ́jú ló kù. Ooru ni ọ̀tá bátìrì; kí a má gbé fóònù sínú oòrùn, kí a má sì fi sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí iná ń wọ inú rẹ̀. Ṣájà tí kò dára lè ba fóònù jẹ́, ó sì lè dá iná sílẹ̀. Kí a fi nọ́ńbà àṣírí ti fóònù, kí a sì fi òmíràn ti síìmù fúnra rẹ̀, nítorí olè lè yọ síìmù sínú fóònù mìíràn kí ó fi í wọ àkáǹtì báńkì. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ta fóònù rẹ̀ kọ́kọ́ yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò, kí ó sì pa ohun inú rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ta fóònù tàbí tí wọ́n ń tún un ṣe, yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ìsọ̀ kékeré lẹ́bàá ilé. Ẹni tí ó mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ojú fóònù, tí ó ní tuntun ni, tàbí tí ó fi ayédèrú bátìrì sí i tí ó gba owó ojúlówó, kò jèrè. Ìslám kò fàyè gba kí olùtajà bo àléébù ọjà mọ́ olùrà lójú. Oníbàárà tí a sọ òótọ́ fún yóò padà wá, yóò sì mú ẹlòmíràn wá pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tí ó gbẹ́ ihò tí ó ju ara rẹ̀ lọ, ejò ni yóò bá a gbé ibẹ̀. Fóònù kékeré tí a fi owó ẹni rà, tí a sì ń fi ṣe iṣẹ́ rere, sàn ju ńlá tí kò jẹ́ kí ọmọlúwàbí lè gbé ojú sókè láàárín ẹbí rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí òwò wa, kí Ó fi halal tó wa, kí Ó sì yọ wá nínú gbèsè. Àmín.