Ọgọ́rùn-ún Mẹ́gábíìtì: Láti Ibo Dé Ibo?

 

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun ń gbé ọgọ́rùn-ún mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ má tíì yìn ín, ẹ má sì tíì jà á níyàn. Ẹ bi í pé: láti ibo dé ibo? Àwọn wo ló tún wà lójú ọ̀nà nígbà tí o wọ̀n ọ́n? Nọ́ńbà tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí, ìpolówó ọjà ni.

Àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe ìwọ̀n yìí ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, Mike Muuss, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ohun ìjà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Aberdeen, ìpínlẹ̀ Maryland, rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ń ṣe ségesège. Ó jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, ó kọ ètò kékeré kan láti fi wá ìdí rẹ̀. Ètò náà ni ping. Ó ń rán páákẹ́ẹ̀tì kékeré sí kọ̀ǹpútà mìíràn, ìyẹn á dá a padà, ping á sì sọ iye àkókò tí àlọ àti àbọ̀ gbà. Lẹ́yìn èyí ni Muuss kan náà àti Terry Slattery kọ ttcp, tó ń da dátà sójú ọ̀nà bí ọ̀nà bá ṣe lè gbà á tó, tó sì ń ṣírò iye tó dé òdìkejì. Lẹ́yìn ttcp ni irú rẹ̀ mìíràn, netperf ti Rick Jones ní Hewlett-Packard àti iperf, jáde. Èyí tí àwa ń lò jù lónìí ni iperf3, tí ESnet àti ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní Amẹ́ríkà ń tọ́jú. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ ronú sí lọ́rì tó kó iṣu láti Ṣakí wá sí Mile 12, àti ọlọ́kadà tó mú lẹ́tà kan dání gba ojú ọ̀nà kan náà. Ìdílé ttcp ń ka iye iṣu tó dé ọjà. Ping ń wo aago ọlọ́kadà. Ọ̀nà kan lè dára fún ọ̀kan kí ó má sì dára fún èkejì, kò sì sí nọ́ńbà ẹyọ kan tó lè sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Berkeley, ní California, tí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Láti ilé ìwádìí Lawrence Berkeley dé ọgbà Yunifásítì California, ọ̀nà náà kò ju bí irinwó yáàdì lọ. Kílóbíìtì 32 ló yẹ kí ó máa gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ṣàdédé já wálẹ̀ sí bíìtì 40. Kì í ṣe kílóbíìtì o. Bíìtì ogójì, ìyẹn lẹ́tà ábídí márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Akọ̀wé tó bá mọ taìpù tẹ̀ dáadáa á bá a dọ́gba.

Okùn kankan ò já, ẹ̀rọ kankan ò sì jóná. Ọ̀nà ló kún. Páákẹ́ẹ̀tì ń pẹ́, òmíràn ń sọnù, kọ̀ǹpútà tó rán wọn gbà pé wọn ò dé, ó tún òmíràn rán, èyí tó tún rán sì di ẹrù lé ẹrù. Van Jacobson, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí náà, dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú Michael Karels. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1988. Ó kọ́ kọ̀ǹpútà ní sùúrù: kí ó fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó máa fi kún un, bí páákẹ́ẹ̀tì bá sì sọnù kí ó dẹ̀rìn. Ẹ̀kọ́ yẹn ṣì wà nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín báyìí. Jacobson yìí náà ló kọ traceroute, tó ń ka àwọn ráútà ojú ọ̀nà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹni tó tún ọ̀nà ṣe ni ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ àwọn tó wà lójú ọ̀nà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìṣirò. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn MainOne, tó gba abẹ́ òkun láti Èkó lọ sí Seixal ní ilẹ̀ Pọtogí, gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ di 14,000. Ìyẹn ni pé 70 mìlísẹ́kọ́ńdì ti lọ kí ráútà kankan tó fọwọ́ kan páákẹ́ẹ̀tì. Kò sí iye tí ẹ lè san tí ẹnikẹ́ni yóò fi dín in kù. Bí dátà bá tún ti Pọtogí lọ sí London, kí ping kọ 100 kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kan.

Àkókò àlọ àti àbọ̀ yìí tún ń di ọ̀nà mú lọ́nà mìíràn. TCP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fi dátà ránṣẹ́ síra wọn, kì í rán dátà láìdúró. Á rán ìwọ̀n kan, á sì dúró de èsì pé ó ti dé kí ó tó rán òmíràn. Láyé àtijọ́, ìwọ̀n náà kò lè ju báìtì 65,535 lọ. Bí àlọ àti àbọ̀ bá gba 100 mìlísẹ́kọ́ńdì, ẹ̀ẹ̀mẹwàá péré ni ó lè rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di bíìtì: mẹ́gábíìtì márùn-ún lé díẹ̀. Ẹ ra 100, ẹ ra 1,000, márùn-ún náà ni. Láti 1992 ni wọ́n ti kọ ìlànà tó gbé òrùlé yìí sókè, kọ̀ǹpútà òde òní sì ń tẹ̀lé e, àmọ́ mo ṣì ń bá ẹ̀rọ ààbò pàdé tó ń ba ìlànà náà jẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń mọ̀ rèé: ẹ fi iperf3 ṣe ìdánwò pẹ̀lú ìsopọ̀ kan, kí ẹ tún fi -P 4 ṣe é pẹ̀lú mẹ́rin. Bí mẹ́rin bá fún yín ní ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ọ̀kan fún yín, ọ̀nà ò kún. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ni nǹkan dì mú.

Nípa iperf3 fúnra rẹ̀, díẹ̀ ni màá sọ. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń fẹ́, ọ̀kan á jẹ́ sáfà tó ń dúró de ìpè, èkejì á pè é. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ló ń lò bí ẹ kò bá sọ ohun mìíràn. Láti inú mẹ́mórì sí inú mẹ́mórì ló ń gbé dátà, nítorí náà kò ní fi ìfàsẹ́yìn díìsìkì yín di ẹ̀bi ru okùn. Ẹni tó pè ló ń rán dátà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń wọlé wá, ẹ fi -R sí i. Bí ẹ bá sì fi -u dán UDP, ìlànà tí kì í dúró de èsì, wò, tí ẹ rí mẹ́gábíìtì kan péré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọ̀gá yín lóru. Ètò náà ló gbé e sí ọ̀kan títí ẹ ó fi fi -b sọ iye tí ẹ ń fẹ́. UDP yìí ló sì ń sọ iye páákẹ́ẹ̀tì tó sọnù àti bí ìgbà tí wọ́n ń dé ṣe ń yàtọ̀ síra, ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù íntánẹ́ẹ̀tì fi ń gbọ́ ohùn gẹ́gẹ́rẹ́gẹ́.

Níbí ni mo fẹ́ jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn burú, iye tó ń gbà kọ́ ni ìṣòro wọn. Ní 2010, Jim Gettys, tó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ yìí, kíyè sí i pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé òun máa ń kú nígbà tí òun bá ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́. Ó tú u wò. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń fi àyè ìdúródè tó tóbi sínú rẹ̀, nítorí mẹ́mórì ti pọ̀, wọ́n sì rò pé kí páákẹ́ẹ̀tì tò sàn ju kí ó sọnù lọ. Àmọ́ ẹ rántí ẹ̀kọ́ 1988: páákẹ́ẹ̀tì tó sọnù ni TCP fi ń mọ̀ pé ọ̀nà kún. Bí kò bá sí èyí tó sọnù, á máa rán lọ títí ìlà á fi gùn. Bí àyè ìdúródè bá gba kílóbáìtì 256, tí ọ̀nà ìjáde yín sì jẹ́ mẹ́gábíìtì kan, ẹni tó wà lẹ́yìn ìlà á dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì, nígbà tí Pọtogí pàápàá ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀! Kathleen Nichols àti Jacobson yìí kan náà gbé CoDel jáde ní 2012, tó ń wo bí páákẹ́ẹ̀tì ṣe pẹ́ tó lórí ìlà, tó sì ń ju díẹ̀ nù kí TCP lè gbọ́ ìkìlọ̀. Ó wà nínú Linux lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá wo iye ráútà tí wọ́n ń tà tí kò tíì lò ó, inú á bí yín.

Ìdánwò tí yóò tú àṣírí yìí kò gba owó. Ẹ ṣí ping, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan parọ́rọ́. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ iperf3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa wo ping náà lọ. Bí ó bá wà ní 20 tó sì di 40, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá di 900, ẹ ti rí ẹni tó ń já ìpàdé yín lórí Zoom.

Ẹ ó ní: ṣebí Speedtest wà lórí fóònù wa? Ó wà. Àmọ́ ó máa ń yan sáfà tó sún mọ́ yín, nígbà mìíràn nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín gan-an, ó sì máa ń ṣí ìsopọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdánwò NDT ti Measurement Lab, àjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ìsopọ̀ kan ló máa ń lò, gbogbo èsì rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí. Nọ́ńbà méjèèjì lè jìnnà síra kí ọ̀kankan má sì parọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ló yàtọ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ létí òkun Côte d'Ivoire. Ẹni tó bá wọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ́jọ́ náà sí sáfà kan ní Èkó lè rí i pé kò sí wàhálà kankan. Ẹni tó wọ̀n ọ́n sí London á ní ayé ti parẹ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì bá pàdé ní Èkó ní IXPN, ibi tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti ń so pọ̀ mọ́ra wọn, dátà àárín wọn ò ní iṣẹ́ kankan lábẹ́ òkun. Bí wọn ò bá pàdé níbẹ̀, lẹ́tà láti Yábàá sí Ìkẹjà lè dé Yúróòpù kí ó tó yí padà, traceroute ló sì máa fi hàn yín.

Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀kọ́ wa yìí. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, kí a sì háyà àyè fún ọ̀kan ní Èkó. perfSONAR, tí àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí kárí ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, á máa dán ọ̀nà àárín wọn wò tọ̀sán-tòru. Bí Wi-Fi ló burú, a ó mọ̀. Bí ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa ni, a ó mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì tún gbé ìwé àdéhùn wá, kí a má kọ “100 Mbps” sínú rẹ̀ ká sì fọwọ́ sí i. Ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ẹnu ọ̀nà wa dé IXPN ni, ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ilé kún, àti pé ping kò gbọdọ̀ kọjá iye tí a jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí nígbà tí ọ̀nà bá kún dé ẹnu.