Ẹ̀yin Tí Yóò Máa Ṣọ́ Orúkọ

  

Ẹ̀yin ọmọ wa láti Pobè àti Sakété, iṣẹ́ ṣíṣọ́ orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ kọ́ yìí, ojú kì í rí i. Bí ẹnì kan ní Sakété bá tẹ orúkọ báǹkì rẹ̀ sórí fóònù, nọ́ńbà ni fóònù mọ̀, kò mọ orúkọ. Àfi kó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń tọ́jú orúkọ. Ó dà bí àlejò tó wọ Pobè tó ń béèrè agboolé: bí ọ̀bàyéjẹ́ kan bá sáré dáhùn ṣáájú ẹni tó mọ̀nà, ilé olè ni àlejò yóò bá ara rẹ̀, yóò sì máa kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ohun tí Dan Kaminsky, ọmọ Amẹ́ríkà, rí ní ọdún 2008 nìyẹn. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá ìdáhùn òótọ́ mọ̀ kò ju 65,536 lọ. Ọ̀tá lè máa béèrè àwọn orúkọ tí kò sí, kó máa rọ̀jò ìdáhùn èké lé wọn, títí ọ̀kan yóò fi bá nọ́ńbà mu. Inú ètò orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni àléébù yìí wà, kì í ṣe ọjà ilé iṣẹ́ kan. Kaminsky kò pariwo. Ó sọ fún Paul Vixie, àgbà nínú iṣẹ́ orúkọ yìí. Ní ìparí oṣù kẹta wọ́n kó àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jọ ní ìkọ̀kọ̀ ní ọgbà Microsoft. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gbé àtúnṣe jáde lọ́jọ́ kan náà. Ó fẹ́ pa àlàyé mọ́ di oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n oṣù keje kò tíì parí tí àṣírí fi tú. Ẹni tó ti ní òun yóò ṣe tòun lọ́la ti pẹ́.

Ọdún 2010 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lu gbòǹgbò gbogbo orúkọ, kí ayédèrú ìdáhùn lè hàn. Wọn kò gbé kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń buwọ́ lù ú lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Èèyàn 21 kárí ayé ni wọ́n yàn. Ẹ̀yin tó rò pé ti òyìnbó ni íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ ná: Alain Aina, ọmọ Benin, wà lára àwọn méje tí wọ́n yàn láti máa lọ ṣí kọ́kọ́rọ́ náà ní Culpeper ní Virginia. (N kò ní ṣàlàyé orúkọ Aina fún ará Pobè.) Moussa Guebre láti Burkina Faso àti Kaminsky fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí a fi ìpín kọ́kọ́rọ́ ti ọjọ́ burúkú sí lọ́wọ́. Bí méje kò bá tiẹ̀ pé ní Culpeper, ó kéré tán, mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè lọ.

Nílé wa ní Benin níbí, òfin 2017-20, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2018, ka wíwọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá wá ṣèèṣì rí ihò lára ìkànnì ilé ìwé kan tàbí ti oníṣòwò epo pupa, ẹ má gbé e sórí WhatsApp kí ẹgbẹ́ lè yìn yín. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ jọ dá ọjọ́ àtúnṣe. Bí kò bá dáhùn, ẹ kàn sí bjCSIRT, àwọn tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà nílé wa.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì ń bí mi nínú jù. Àwọn kan nínú iṣẹ́ yìí máa ń fi orúkọ ara wọn ra orúkọ ìkànnì oníbàárà. Bí ìjà bá dé, wọ́n á ní àwọn ló ni ín. Bí ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Pobè bá gbé iṣẹ́ fún yín, orúkọ ìyá ni kó wà nínú ìwé, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀. Kí ẹ sì fẹnu sọ ọjọ́ tí owó ọdún yóò tó san fún un, ní Nàgó, kì í ṣe nínú ímeèlì Faransé tí kò ní kà.

Ó tó. Kí ẹni àkọ́kọ́ bọ́ síwájú wá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.