Ta Ló Ni Gọ́tà Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Wa?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, Alápẹ̀rẹ̀

Ìyálọ́jà wa, ààrẹ ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò mi, àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ tẹ̀lé ìyàwó yín wá jẹ ìrẹsì, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìjọba. Mo ní háà, èmi tí mò ń ta èlùbọ́! Ààrẹ ní ìdí tí àwọn fi mú mi gan-an nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, rìsíìtì méjì ni wọ́n já fún mi lórí ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ní kánsù ló rán òun. Mo sanwó. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíì dé, ó ní kánsù ti ẹni yẹn kọ́ ni kánsù wa, pé tòun ni ojúlówó. Mo ní, “Ọmọ mi, èwo nínú yín ló ni gọ́tà yìí?” Torí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ti dí láti ìgbà òjò, orí pákó ni oníbàárà ń gbà wọlé. Ó wò mí, ó ní, “Mummy, ti gọ́tà kọ́ la bá wá.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀. Gáréèjì wà níbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, gọ́tà, iná ojú títì, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà bá bàjẹ́, ààrẹ Nàìjíríà là ń ṣépè fún!

Ìwé òfin kan náà ló ka orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkó ní 20. Kánò ní 44. Jígáwá, tí wọ́n yọ lára Kánò ní 1991, ní 27 tiẹ̀ lọ́tọ̀. Iye yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó tó ń wá láti Àbújá, iye èèyàn náà sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2006, ìjọba àpapọ̀ ní Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba Èkó ka tiẹ̀, ó ní a lé ní mílíọ̀nù 17. Ẹni tó bá ti du bọ́ọ̀sì rí ní Mile 12 ní aago mẹ́fà ìdájí á mọ èyí tí òun máa gbà gbọ́.

Ní 2003, Gómìnà Tinúbú dá 37 mọ́ 20, ó di 57. Kòsọ́fẹ́ di mẹ́ta: Kòsọ́fẹ́ fúnra rẹ̀, Ikòsì-Ìṣẹrì, àti Àgbóyì-Kétu tó jẹ́ tiwa. Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní òun ò mọ 37 yẹn, ó sì ti owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó pa ní 2004. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní December 10, 2004, wọ́n ní ààrẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti há owó náà mọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní àwọn tuntun yẹn ò tíì pé, àfi tí Ilé Aṣòfin l'Ábújá bá kọ orúkọ wọn sínú òfin. Wọn ò tíì kọ ọ́ títí dòní. Èyí tó kù nínú owó náà, ìgbà Yar'Adua ní 2007 ló tó jáde. Ọdún mẹ́ta gbáko!

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ìkòkò ọbẹ̀ kan tí wọ́n bù fún Kòsọ́fẹ́, ilé mẹ́ta ló ń fi jẹun. Èyí tí kò bá yó, tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ló máa fi ranjú mọ́ wa. Mi ò ní pípín náà burú o. Tẹ́lẹ̀, Ògùdù la máa ń sáré lọ fún gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ wa láti gbowó, kó sún mọ́ gọ́tà náà.

Ní July 11, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, pé àwọn tí aráàlú dìbò yàn nìkan ló lè máa ná an. Ẹ rántí pé láti ìparí 2014 títí di 2017, a ò ní alága tí a dìbò yàn l'Éèkó.

Ibi tó wá kàn wá nìyí, ẹ má bínú sí mi. Nígbà ìbò kánsù ti July 12, 2025, mo dé ibi ìdìbò mi lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ ju àwa olùdìbò lọ. Àwa tí a máa ń tò láti ìdájí fún ti ààrẹ, ibo la wà? Mo gbọ́ yín níbẹ̀ yẹn: ẹ ní ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kó alága gbogbo 57, kí la fẹ́ lọ ṣe? Mi ò lè jiyàn.

Ṣùgbọ́n Màmá Alímọ́tù Pelewúrà, ẹlẹ́ja, olórí ọjà Èrékò, kò ní ìbò rárá, kò sì mọ̀wé. Ní 1940, àwọn òyìnbó ní kí obìnrin tó bá ń pa ju 50 pọ́ùn lọ́dún máa san owó-orí. Ní December ọdún yẹn, òun àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ọjà ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ bá ìjọba. Ìjọba gbé e kúrò ní 50, ó di 200.

Àwa ò ní ti ọjà tiwa pa, owó èèyàn wà lọ́rùn wa. Ìwé ni ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé a máa kọ sí kánsù. A máa béèrè iye tí wọ́n rí gbà lọ́jà yìí lọ́dún yìí, ẹni tí wọ́n fún láṣẹ láti gbà á, àti ọjọ́ tí wọ́n máa kó gọ́tà. A nílò ẹ̀rí. Ẹ jọ̀ọ́, rìsíìtì yòówù kó wà nínú báàgì yín, títí kan èyí tó ti ya, kí ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi níbi tábìlì yìí kí oúnjẹ tó jáde. Màmá aláta, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, mo mọ̀ pé tiyín ti pé márùn-ún.