Ìlọ́po Igba: Láti Ìdí Owó Ẹyọ dé Ìsọ̀ Ẹlẹ́ja ní Igbó Ẹfọ̀n

Ìlọ́po igba ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí: bí a ṣe ń kọ́ ọ, àti bí a ṣe ń fi í dánra wò lójoojúmọ́ láìfura. Ìtìjú kan tí ó bá mi ní ọjà ni ó mú mi yan kókó yìí.

Ní Igbó Ẹfọ̀n, ní agbègbè Lẹ́kí, mo dúró níwájú ìyá kan tí ó ń ta ẹja yíyan, mo bi í ní iye tí ẹja kan jẹ́. Ó ní, "Àpò mẹ́tàdínlógún ni, bàbá." Mo dákẹ́, mo ń ṣírò. Kí n tó ṣí ìka ọwọ́ mi tán, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pe iye náà. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ ṣàlàyé fún mi. "Àpò márùn-ún jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, sà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ó ku méjì, irinwó nìyẹn."

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, nígbà tí Nàìjíríà fi owó pọ́n-ùn sílẹ̀, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní àpò kan wá di igba náírà. Pọ́n-ùn kú, àpò kò kú. Ìwé owó igba náírà kò sì jáde títí di ọdún 2000. Orí lásán ni àwọn ìyá wa fi ń ka ìlọ́po rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Igba ti jẹ́ òpó nínú òǹkà wa kí pọ́n-ùn tó dé. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, ṣàpèjúwe kíka owó ẹyọ ní ọdún 1887. A ó da ọ̀kẹ́ kan sílẹ̀, èyí ni 20,000. A ó máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ogún ìgbà. Èyí a di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì a sì di igba. Ẹ kíyè sí i pé márùn-ún márùn-ún ni ọmọ ẹlẹ́ja náà ń kó àpò tirẹ̀ jọ.

Láti orí igba (200) ni a ti ń gòkè: irinwó (400), ẹgbẹ̀ta (600), ẹgbẹ̀rin (800), ẹgbẹ̀rún (1,000), títí dé ẹgbẹ̀wá (2,000) tí a tún ń pè ní ẹgbàá. Bí a bá yọ irinwó sẹ́yìn, orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ iye ìgbà tí a ka igba. Ní tèmi, n kò mọ ìsọdipúpọ̀ tí ó tún rọ etí ọmọdé lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín wọn ni wàhálà wà. Òǹkà wa pe 500 ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn ẹgbẹ̀ta tí ó dín ọgọ́rùn-ún. Ọjà pè é ní àpò méjì àbọ̀. Ọ̀kan lọ síwájú kí ó tó padà sẹ́yìn, èkejì ń bọ̀ tààrà. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìdánrawò ti pẹ́ jù.

Mo bi ọmọ náà bóyá ó mọ ẹgbẹ̀tàdínlógún. Kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ń tà fún mi: igba lọ́nà mẹ́tàdínlógún. Èmi mọ orúkọ, n kò lè tètè ṣe ìṣirò. Ọmọ mọ ìṣirò, kò mọ orúkọ. Èyí ni ó ń dùn mí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọjà ni àpò ń gbé, ìwé ni ẹgbẹ̀ta ń gbé, wọn kò sì mọ ara wọn.

Mo na ìwé ẹgbẹ̀rún náírà mẹ́rin sí ọmọ náà. Ogún àpò nìyẹn. Ó ka ìwé igba náírà mẹ́ta padà sí mi lọ́wọ́. Ogún dín mẹ́ta: ó ti ṣe ẹgbẹ̀tàdínlógún níṣojú mi láìpe orúkọ rẹ̀. Mo fi bí ó ṣe rí hàn án. Ó tún ọ̀rọ̀ náà pè lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka kan ìka. Kí oníbàárà mìíràn tó dé, òun fúnra rẹ̀ ti rí ẹgbẹ̀jìdínlógún.