Ẹ Fún Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ebè Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì ṣe ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé-ìwé girama ni. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ń bọ̀. Kí ni wọn yóò fi ṣe?

Ní Ìsọlọ̀ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òbí á sọ fún mi pé, “Ọmọ mi ń bá mi ṣiṣẹ́ lóko dáadáa.” Èmi á bi wọ́n pé, “Èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀?” Wọn á dákẹ́. Ọmọ ń pọnmi, ó ń kó ìgbẹ́ adìyẹ, ó ń ru ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà. Bàbá ló mọ ìdí tí a fi ń ṣe é, bàbá náà ló mọ iye tí a tà. Ọmọ náà dà bí ẹni tó ń bá onílù gbé ìlù: ẹrù ń wúwo lọ́rùn rẹ̀, kò sì mọ ìlù í lù.

Ní ilé-ìwé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ pé ọmọ tó bá pẹ́ dé ni wọ́n máa ń ní kó lọ gé koríko. Bí ọkọ́ àti àdá bá ti di ohun ìjìyà, ta ni yóò fẹ́ràn wọn?

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní girama, mo mọ orúkọ ajílẹ̀ lórí bí ẹní ń ka ABD, ṣùgbọ́n n kò gbin ohun kan rí tí mo lè pè ní tèmi. Nígbà ìsinmi kan, àbúrò bàbá mi fún mi ní ebè méjì. Ó ní kí n gbin ewédú, kí n tà á, kí n sì mú owó rẹ̀. Mo gbin ebè kìíní, mo bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì. Díẹ̀ ló hù. Mo fi ẹkún lọ bá a. Kò bú mi, kò sì bá mi tún un gbìn. Ó ní, “Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín.”

Ìyá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ nítòsí wa ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o fi omi gbígbóná bọ irúgbìn náà?” Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. A ó dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, a ó ka oókan dé ẹẹ́wàá, a ó fà á yọ, a ó sì sá a kó gbẹ kí a tó gbìn ín. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ebè kejì, ó sì hù dáadáa. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó ni mo ti gbàgbé. Èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, tí mo tún ṣe, kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín rèé.

Àkọ́kọ́, ẹ fún ọmọ ní ibi kékeré tó jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá sí ilẹ̀, àpò ìrẹsì tí a dá lu nísàlẹ̀ tàbí bàsíà tó ti jò yóò ṣe é. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ó ti tó kórè, ọmọ yóò sì rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé. Ẹja àrọ̀ dára, ṣùgbọ́n bí oṣù 6 ni kó tó tó tà. Ó di ìgbà mìíràn.

Èkejì, ẹ jẹ́ kó dán nǹkan wò fúnra rẹ̀. Kó bọ ìdajì irúgbìn lómi gbígbóná, kó fi ìdajì sílẹ̀. Tàbí kó fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí ebè kan, kó má fi sí èkejì. Kó ka iye tó hù. Ẹ má tètè sọ ìdáhùn fún un.

Ẹ̀kẹta, kó ní ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́, ohun tí ó ṣe, ohun tí ó rí, owó tó jáde, owó tó wọlé. Nínú ìdánwò WAEC, wọ́n máa ń gbé irúgbìn, kòkòrò àti irin iṣẹ́ síwájú ọmọ. Ẹni tó ti fi ọwọ́ kàn án kò ní wojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ owó. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá ọmọ náà ní irúgbìn. Bó bá tà, kó san án padà, kó sì mú èrè rẹ̀. Bó bá pàdánù, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó tún gbìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba èrè lọ́wọ́ ọmọ pé ẹ̀yin lẹ ń bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá fún oko.

Ìkìlọ̀ méjì: ọmọ kò gbọdọ̀ po oògùn apakòkòrò, kò sì gbọdọ̀ fún un. Èkejì, ẹ má jẹ́ kó fi omi gọ́tà tàbí omi kánàlì Òkè-Àfà rin ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ. Omi ìdọ̀tí àdúgbò ló ń ṣàn sínú rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1985, àlùfáà Kátólíìkì kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin. Ilẹ̀ kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀. Oko ni kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń sin adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja, wọ́n ń gbin nǹkan, ìdọ̀tí ọ̀kan sì di oúnjẹ fún èkejì. Nílé wa níhìn-ín náà, ní 2011, ìjọba àpapọ̀ mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọ inú iṣẹ́ girama àgbà. Ẹran sísìn àti ẹja sísìn wà nínú wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò lè sọ ọmọ di àgbẹ̀.

Ẹ wo ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Irun funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí a kò bá fi oko lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí a ṣì lè fọ̀nà hàn wọ́n, ta ni yóò bọ́ Èkó lọ́la? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wọn ebè kan fún un. Ire o.