Síkáànù Nìkan Kò Tó fún Aboyún
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé)

 

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó ìsọ̀, ti àwọn ọmọ wa tó ń lóyún ni. Ọmọ ọ̀kan nínú wa ṣe síkáànù ní oṣù kẹfà, wọ́n ní ọkùnrin ni. Gbogbo wa hó yèè, a bá a jó ní ìsọ̀. Láti ọjọ́ náà kò yọjú sí kílíníìkì mọ́. Ó ní òun ti rí ọmọ òun, ara òun le. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ. Àwa náà la sọ fún un pé bí oyún ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, a ò mọ̀. Gìrì gbé e lóru. Ọlọ́run yọ ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀ o.

A ò bú síkáànù. Kò ní abẹ́rẹ́, kì í dunni. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ló ń rán wọ inú, èyí tó bá padà wá ló ń di àwòrán. Ó ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ìbejì ni, bóyá ibi ọmọ dí ọ̀nà, bóyá Ìgè fẹ́ fẹsẹ̀ wá. Èyí tí nọ́ọ̀sì lè gbé lọ́wọ́ gun òkè Ọ̀kà ti wà báyìí. Àwọn onímọ̀ rò pé bí irú rẹ̀ bá dé ìgbèríko, aboyún á máa rọ́ wá sí kílíníìkì. Ní abúlé kan ní Ùgáńdà, wọ́n wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n dán an wò ní Kóńgò, Kẹ́ńyà, Sáḿbíà, Pakistan àti Guatemala. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 ni pé aboyún tó ń lọ sí kílíníìkì kò pọ̀ sí i, ikú kò sì dín kù.

Ẹ ò rí i? Ẹni tó yẹ ọjà wò kò tíì rà á. Síkáànù ń fi ọmọ hàn, kì í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ohun tó ń dá àwọn ọmọ wa dúró, àwa la mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kílíníìkì a bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kò sẹ́ni tó máa dúró ti igbá, owó ọ̀kadà sì wọ́n. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọ́rẹ ní 2009, láyé Gómìnà Mimiko, ìtọ́jú jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì fún aboyún ní fóònù láti fi pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ohun tó dí ọ̀nà ni wọ́n mú kúrò. Ó yẹ kí àwa náà mú tiwa kúrò.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí:

Àkọ́kọ́, kí aboyún gba káàdì kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2016 pé kó rí elétò ìlera ìgbà mẹ́jọ, kó sì ṣe síkáànù kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24.

Èkejì, kí ẹni tó bá aboyún pààlà ìsọ̀ bá a ta ọjà lọ́jọ́ kílíníìkì, kó sì ka owó rẹ̀ pé.

Ẹ̀kẹta, kí aboyún tó lọ sí kílíníìkì má san owó ìtanràn ìpàdé.

Ẹ̀kẹrin, bí orí bá ń fọ́ aboyún, tí ojú rẹ̀ wú, tàbí tó rí ẹ̀jẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé oyún ọkùnrin ni. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.